Tírọ́ọ̀kù láti Texas, òtútù Winnipeg: níbo ni wáyà block heater rẹ̀ wà?

Àkàndé_Peg (Winnipeg)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òtútù yìí o. Mo ra Ram 2500 kan ní gbàǹjo, onídísẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìnnì Cummins 6.7, ọdún 2015. Texas ni wọ́n ti lò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sí ìpẹtà lábẹ́ rẹ̀ rárá, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n yan èyí tó ti ìlú ooru wá. Àmọ́ mo wá a títí, n ò rí púlọ́ọ̀gì block heater, ìyẹn hítà oníná tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná kí a tó ṣí i, èyí tí àwọn ará ibí máa ń jẹ́ kó yọjú níwájú ọkọ̀ wọn.

Ẹrù ni mo fi ń kó, aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jáde. Láàárọ̀ àná tó wà ní -27, ó kùn, ó kùn, kó tó ṣí, èéfín funfun sì bo gbogbo àdúgbò. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á kọjá -30.

Mẹkáníìkì kan ní kí n gbé e wá, òun á fi block heater tuntun sí i, ṣùgbọ́n owó tó pè ti ga jù. Ṣé ẹnì kan gé wáyà náà ni, àbí ọkọ̀ ilẹ̀ ooru kì í ní in rárá? Ẹ bá mi dá sí i.

Dẹ́rẹ́bà_Brampton

Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí o fi tọ́ọ̀ṣì wá a dáadáa. Wo ẹ̀yìn gíríìlì, wo ẹ̀gbẹ́ bátìrì, wo ẹ̀yìn iná iwájú. Wọ́n lè ká a jọ, kí wọ́n fi okùn rọ́bà dè é mọ́ àwọn wáyà mìíràn, kó jẹ́ pé ẹni tó ni ọkọ̀ gan-an kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn bọ́ńpà ni mo ti rí ti Ford mi, ẹrẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀.

Nípa kíkùn yẹn, lọ yẹ glow plug wò, irin kékeré tó ń gbóná nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kó lè ṣí. Ó jọ pé òun ló ti kú.

Àdùkẹ́_YEG (Edmonton)

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi ń da ara yín láàmú? Ra hítà onímágínẹ́ẹ̀tì, lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìkòkò ọ́ìlì, fi sí iná, ó parí. Òun ni mo ń lò fún Corolla mi, kò já mi kulẹ̀ rí. Kò gba mẹkáníìkì, kò gba kí a máa tú nǹkan kan.

Bàbá_Ẹlẹ́ńjìnnì (Saskatoon)

Àkàndé, ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Hítà wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ.

Gbogbo Cummins tí wọ́n ń gbé sínú Ram ni wọ́n ti máa ń fi irin hítà sí láti ilé iṣẹ́. Wáyà ni wọ́n máa ń tà lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹni tó ń gbé Texas, kí ni yóò fi ṣe? Nítorí náà, kò sẹ́ni tó gé e. Kò ní in rí ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nǹkan kan ṣoṣo ni block heater, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irin kékeré kan wà tó wọ inú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, inú omi rédíétọ̀ tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká ló ń gbé. Wáyà sì wà tó ń gbé iná lọ bá a. Wáyà ló máa ń tètè bàjẹ́, torí òun ni iyọ̀ ojú títì àti yìnyín ń bá jà.

Ibi tí wàá wò nìyí: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó jókòó ti dẹ́rẹ́bà, lára búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, nítòsí fíltà ọ́ìlì. Láti òkè, ojú rẹ lè má tó o. Yí táyà iwájú ọ̀tún síta, tàbí kí o yọ ọ́ pátápátá, kí o tú rọ́bà tó bo inú ibi tí táyà ń gbé, wàá rí i kedere. Wàá rí orí irin kan tó ní ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì, tó ṣeé ṣe kí ọmọrí rọ́bà tàbí ike ṣì wà lórí rẹ̀ bí wọn kò bá lò ó rí. Ọmọrí yẹn á jẹ́ kó mọ́ tónítóní nínú.

Kí o tó ra wáyà, fi mítà wọn irin yẹn. 750 wáàtì ni ti Cummins yín. Ní 120 fọ́ltì, ohun tó yẹ kí mítà kọ jẹ́ nǹkan bí 19 ohm (ìwọ̀n bí irin ṣe ń dènà iná). Bí o bá ń wọn ọkọ̀ mìíràn, ìṣirò rẹ̀ kò le: 120 lọ́nà 120 jẹ́ 14,400, fi iye wáàtì pín in. Oní 1,000 wáàtì á fún ọ ní 14.4, oní 400 á fún ọ ní 36. Bí mítà bá ní kò sí ọ̀nà tí iná lè gbà kọjá rárá, irin ti jó nìyẹn. Lẹ́yìn náà, gbé ẹsẹ̀ mítà kan sí púlọ́ọ̀gì, èkejì sí ara ẹ́ńjìnnì. Kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà láàárín wọn. Bí ó bá wà, iná ń jò nìyẹn, má ṣe so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Bí irin bá dára, lọ sí káńtà ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, fún wọn ní VIN rẹ, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, kí wọ́n fún ọ ní wáyà tó bá a mu. Wíwọ̀ ló máa wọ̀ ọ́, kò sí pé à ń da omi rédíétọ̀ nù. Ìgbà tí irin fúnra rẹ̀ bá jó la tó ń da omi, iṣẹ́ gidi sì ni ìyẹn. Mo fura pé èyí ni mẹkáníìkì rẹ fi ṣírò owó.

Dẹ́rẹ́bà, Cummins yìí kò ní glow plug o. Àwo irin kan tó ń gbóná ni wọ́n fi sẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Àkàndé, bí o bá ti yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, dúró kí iná tó ní kí o dúró kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí o tó ṣí i. Àwọn tí kì í dúró ni èéfín funfun máa ń bò mọ́lẹ̀.

Tọ́lá_Regina

Mummy Àdùkẹ́, ẹ má bínú, Corolla kọ́ la ń sọ níbí. Ẹ́ńjìnnì yìí ń gba ọ́ìlì tó lítà mọ́kànlá. Hítà onímágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó ní 200 wáàtì, ní -30, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gba abẹ́ ọkọ̀, kí ló fẹ́ gbóná? Ọ́ìlì á rọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn dára fún sítátà. Àmọ́ bí ara búlọ́ọ̀kù bá tutù, dísẹ́ẹ̀lì kò ní jó dáadáa nínú rẹ̀. Fún ọkọ̀ yín tó kéré, ó tó.

Àdùkẹ́_YEG (Edmonton)

Mo gbọ́, Tọ́lá. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa la ní gáréèjì tí a lè yọ táyà sí. Ìta ni mo ń gbé ọkọ̀ sí. Ta ló fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí yìnyín nítorí wáyà?

Ọmọ_Ọ̀wọ̀_ND (Grand Forks)

Ẹ kú ìjíròrò o. Tírélà ni mo ń wà ní tèmi, ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí gan-an ni mo sì ń gbé. Grand Forks níbí ni Andrew Freeman ti ṣe hítà tí wọ́n ń fi rọ́pò ọ̀kan nínú àwọn bóòtù orí ẹ́ńjìnnì, ìjọba Amẹ́ríkà sì fún un ní ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1949. Ẹni tó bá lo January kan níbí kò ní béèrè ìdí.

Ẹ̀yin onítírélà, tiwa kì í ní wáyà tó rọ̀ dirodiro níwájú. Ẹnu kan ló máa ń wà lára ọkọ̀, tó ní ìdérí tó ń padà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń wà lábẹ́ ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà níbi àtẹ̀gùn, ó sì lè wà lára bọ́ńpà. Wáyà ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n ni wàá gbé wá bá a. Iyọ̀ máa ń jẹ ẹsẹ̀ inú rẹ̀ títí yóò fi di àwọ̀ ewé. Fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ̀ ọ́, fi gíríìsì tí kì í gbé iná sí i, kí o tó sọ pé hítà ti kú.

Ní ti wáyà tó já, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín. Ra orí púlọ́ọ̀gì ní ilé ìtajà irin iṣẹ́, gé ibi tó bàjẹ́, so ó, fi téèpù dì í. Tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́.

Tọ́lá_Regina

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n ò fara mọ́ ìyẹn. Ojú ìsopọ̀ ni ìjóná ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní December 2018, Ford pe àwọn F-150 ọdún 2015 sí 2019 àti Super Duty 2017 sí 2019 padà, ọkọ̀ tó lé ní 800,000 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nítorí ojú ìsopọ̀ tó wà lára wáyà block heater. Omi àti ìdọ̀tí ń wọ ibẹ̀, ó ń dípẹtà, ó ń jẹ rọ́bà ara wáyà, ó sì lè dá iná sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ ló ṣe ìsopọ̀ yẹn o! Tí ti ilé iṣẹ́ bá lè gba omi, kí ni ká ti gbọ́ nípa téèpù dúdú?

Ẹni tó bá ra F-150 tòkunbọ̀ nínú àwọn ọdún yẹn, kó fi VIN rẹ̀ yẹ ìkànnì wọn wò. Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀_ND (Grand Forks)

Àbúrò, orí púlọ́ọ̀gì ni mo sọ, ìyẹn èyí tó ń gbé níta tí ojú ń rí lójoojúmọ́. N ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni so wáyà láàárín ẹ́ńjìnnì. Ó yàtọ̀. Àmọ́ mo gbà pé téèpù lásán kò tó. Kí wọ́n ra orí púlọ́ọ̀gì tó ní rọ́bà tó ń dí omi, tó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá gé ẹsẹ̀ kẹta kúrò nítorí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó ń fi ẹ̀mí ṣeré.

Silverado_Láńre (Calgary)

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì, mo kí yín o. Àtúnṣe kékeré kan ni mo ní, kí ẹnikẹ́ni má baà ná owó dànù. Ẹ ní bí mítà bá ní kò sí ọ̀nà, irin ti jó. Òótọ́ ni tí a bá wọn irin fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n lára Duramax, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ti GM, tẹ́mósítáàtì wà nínú wáyà. Kò ní jẹ́ kí iná kọjá àfi tí òtútù bá tó nǹkan bí -18. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ wọ gáréèjì tó gbóná, tí ẹ fi mítà sí ẹnu púlọ́ọ̀gì, á ní kò sí ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Mo mọ ẹni tí wọ́n pààrọ̀ irin tó dára pátá fún nítorí èyí.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn níta ní ọjọ́ tó kọjá -20, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, tàbí kí ẹ yọ wáyà kúrò kí ẹ wọn irin nìkan.

Bàbá_Ẹlẹ́ńjìnnì (Saskatoon)

Láńre, o ṣeun, o sọ ọ́ dáadáa. Ara irin ni mo sọ pé kó wọ̀n ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní GM lè kà á kó gbé mítà sí ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ti Ram kò ní tẹ́mósítáàtì yẹn.

Rẹ́wáyà_Mushin (Èkó)

Ẹ máa bá òtútù yín lọ, a ń rí àmì rẹ̀ níbí! Àwọn tòkunbọ̀ tó ti Kánádà wá máa ń ní orí púlọ́ọ̀gì kan tó yọ láàárín gíríìlì. Wọ́n máa ń bi mí bóyá iná mànàmáná ni wọ́n fi ń gba ọkọ̀ yẹn. Oníbàárà kan gbà tọkàntọkàn pé mọ́tò oníbátìrì ni òun rà.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé. Ẹ sọ fún ẹni tó máa gbà á pé kó má fi púlọ́ọ̀gì yẹn sí iná ilé rárá. 120 fọ́ltì ni irin náà, 240 ni tiwa. Ìlọ́po méjì fọ́ltì, ìlọ́po mẹ́rin agbára ni. Oní 750 wáàtì á máa fa 3,000. Kí ẹ tó sọ pé kí lo ṣe, ó ti jó. Èmi máa ń yọ wáyà náà kúrò lára irin, mo máa ń fi ọmọrí dé e. N kì í gé e, torí ẹni tó bá gé e á fi ojú wáyà sílẹ̀ kó máa kan ara bọ́dì.

Dẹ́rẹ́bà_Brampton

Hahaha, mọ́tò oníbátìrì kẹ̀! 😂

Ẹ jẹ́ kí n béèrè o: ẹ̀yin tó ń fi sí iná, ṣé mọ́júmọ́ ni ẹ ń fi í sílẹ̀? Onílé mi ń kùn nítorí owó iná.

Àdùkẹ́_YEG (Edmonton)

Tèmi máa ń wà lórí iná mọ́júmọ́. Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ dójú tì mí ní ọjọ́ iṣẹ́.

Tọ́lá_Regina

Kò nílò bẹ́ẹ̀, Mummy. Wákàtí méjì sí mẹ́rin kí a tó jáde ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ooru tí hítà ń fún un àti èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ ti dọ́gba, ẹ kàn ń gbóná fún ojú ọ̀run ni. Oní 750 wáàtì tó wà lórí iná fún wákàtí mẹ́wàá á jẹ yúnítì 7.5. Wákàtí mẹ́ta péré, 2.25. Ẹ fi èyí ṣírò ìgbà òtútù kan gbáko, kí onílé tó bẹ̀rẹ̀ sí kígbe. Ẹ ra táímà tó wà fún ìta, kí ẹ ka ara rẹ̀ bóyá ó lè gbé ámpù tí hítà yín ń fà. Tèmi ń tan ní aago méjì òru.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀_ND (Grand Forks)

Fún ti tírélà, n ò ní gbà wákàtí méjì ní -35. Irin tó pọ̀ tó yẹn kò yára gbóná. Mẹ́rin, ó kéré tán. Kí ẹ sì rántí pé hítà kì í tú dísẹ́ẹ̀lì tó ti dì nínú táǹkì. Bí ẹ bá ra epo ní gúúsù tí ẹ gbé e wá sókè, ọkọ̀ á ṣí, á sì kú lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ torí fíltà ti dí. Epo ìgbà òtútù lẹ ó rà, ẹ da oògùn tí kì í jẹ́ kó dì sí i kó tó dì. Lẹ́yìn tó bá ti dì, ó ti pẹ́.

Bàbá_Ẹlẹ́ńjìnnì (Saskatoon)

Ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n ni ẹ ò tíì mẹ́nu bà, òun ló sì ń jó ilé. Ẹ má lo èyí tín-ín-rín tí ẹ fi ń tan iná Kérésìmesì. Hítà 1,500 wáàtì ń fa 12.5 ámpù fún wákàtí mélòó kan láìsinmi. Ẹ ra ti ìta, nọ́ńbà 14 bó bá kúrú, nọ́ńbà 12 bí ó bá gùn. Nọ́ńbà tó kéré ni wáyà tó nípọn, ẹ má jẹ́ kó dàrú mọ́ yín lójú. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá wọ́n kọ òtútù tó lè gbà sí i. Èyí tí wọn kò ṣe fún òtútù máa ń gan bí igi ní -30, rọ́bà ara rẹ̀ á sì ya níbi tí ẹ bá ká a sí. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fọwọ́ kan orí púlọ́ọ̀gì méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé. Bí ó bá gbóná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àkàndé_Peg (Winnipeg)

Bàbá, ẹ ṣé é, Ọlọ́run á pa yín mọ́. Mo ya gáréèjì ọ̀rẹ́ mi lò, mo yọ táyà. Irin náà wà níbi tí ẹ sọ gan-an, ọmọrí rẹ̀ ṣì wà lórí. Mítà kọ 19.4, kò sì sí ọ̀nà láàárín rẹ̀ àti ara ẹ́ńjìnnì. Wáyà tí mo rà kò tó 100 dọ́là. Mo gbà á kọjá níwájú, mo jẹ́ kó jìnnà sí turbo àti páìpù èéfín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ àti sí fáànù, mo fi okùn rọ́bà dè é, orí rẹ̀ sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíríìlì.

Láàárọ̀ yìí, -31, ó ṣí bí ẹni pé oṣù July la wà.

Ìṣòro tó kù: sọ́kẹ́ẹ̀tì ìta ilé mi, èyí tó ní bọ́tìnnì kékeré méjì láàárín, tó ń pa iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò, ó já lẹ́ẹ̀kan lóru. Mo tẹ̀ ẹ́ padà, ó dúró. Ṣé wáyà tuntun ló ń jò ni?

Silverado_Láńre (Calgary)

Kọ́kọ́ fura sí ibi tí ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n ti pàdé púlọ́ọ̀gì ọkọ̀. Bí ó bá sùn lórí yìnyín, ooru ara rẹ̀ á yọ́ yìnyín, omi á wọ ẹnu rẹ̀. Gbé e kọ́ kúrò nílẹ̀. Bí ó bá tún já lẹ́yìn ìyẹn, so hítà mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn tó dára tó ní bọ́tìnnì yẹn. Bí èyí náà bá já, ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ni. Bí kò bá já, pe oníná ilé.

Bàbá_Ẹlẹ́ńjìnnì (Saskatoon)

Kí o sì má ṣe pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn sí èyí tí kò ní bọ́tìnnì nítorí kí ó má baà já mọ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á gbà ọ́ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Àdùkẹ́_YEG (Edmonton)

Tọ́lá, irú táímà wo lo ń lò tí òtútù kì í pa? Tèmi ti dúró sójú kan láti ìgbà tó ti dé -25.